Ohùn Aráàlú Lẹ́yìn Fèrèsé

Olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní kí àwọn tó fara mọ́ àfikún owó omi nawọ́ sókè. Aṣòfin kan ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ abẹ́ tábìlì, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò bá a lára mu rárá. Àfi bó ṣe gbọ́ ariwo aráàlú lẹ́nu géètì. Gbogbo fèrèsé ló wà ní títì, ló bá tẹ́tí léko.

"Ó tọ́! Ó tọ́!"

Ẹnu yà á. "Àfikún yìí náà ni wọ́n ní ó tọ́?"

"Ọ̀gá, ohun tọ́kàn yín bá sọ ni kẹ́ ẹ ṣe," ni akọ̀wé rẹ̀ rọra sọ láti ẹ̀yìn.

"Ṣé ọkàn mi ló dìbò fún mi ni? Àwọn tó rán mi níṣẹ́ ti sọ̀rọ̀."

Ó nawọ́ sókè gbọnrangandan. Ọwọ́ kan ṣoṣo yẹn ló gbé òfin náà wọlé.

Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn bó ṣe lọ ṣí fèrèsé láti juwọ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀.

"Ó tó! Ó tó gẹ́ẹ́!"

Ó yára pa fèrèsé dé, ó tún tẹ́tí léko, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

"Ìwọ náà gbọ́," ó sọ fún akọ̀wé. "Wọ́n ní ó tọ́."