Yàrá Ẹ̀yìn Tí Rùfáì Tì Pa

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilé àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín tó ń kó owó jọ nítorí ilé.

1.
Tíṣà ni Rùfáì. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Òrù. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jáde, ó ra ilé àtijọ́ oníyàrá mẹ́jọ kan ní Àgọ́-Ìwòyè, tí kò jìnnà sí yunifásítì. Èrò rẹ̀ ni pé òun àti Ràhmát, ìyàwó òun, á máa gbé yàrá méjì, káwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ìyókù, kí owó ilé sì máa bọ́ àwọn títí ọjọ́ alẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé ló wọ inú ilé yẹn.

Rùfáì kì í ṣe èèyàn burúkú o. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Bó bá ra gaàrí lọ́jà, á tún un wọ̀n nílé. Bí aládùúgbò bá kí i lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, á ní kí lonítọ̀hún ń wá. "Ìfura loògùn àgbà" ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

2.
Ó pe bíríkìlà kan wá yẹ ilé náà wò, Oyèbọ̀dé, ọmọ àdúgbò Jápárà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Oyèbọ̀dé wo páànù, ó fọwọ́ pa ògiri, ó sì ń fi òòlù kan ilẹ̀ láti yàrá dé yàrá. Nígbà tó dé yàrá tó gbẹ̀yìn, ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó tún un kàn. Ó kúnlẹ̀, ó dẹtí sílẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, abẹ́ yàrá yìí ṣófo. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ẹ wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ síbòmíràn. Táìlì lè dúró, ọ̀dà lè dúró. Èyí ò lè dúró."

Ọ̀rọ̀ ire ni, àmọ́ etí ibi ló bọ́ sí. Rùfáì ti gbọ́ ládùúgbò pé oníṣòwò kòkó ló kọ́ ilé náà, pé bàbá yẹn kò fowó sí báńkì rí títí tó fi kú, àti pé àwọn ọmọ rẹ̀ wá owó náà tì. Bíríkìlà wá ní òun fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀? Rùfáì wo ojú ọkùnrin náà, ó rò pé òun rí ojúkòkòrò owó náà níbẹ̀. Ó ní kó máa lọ, òun á pè é. Kò pè é mọ́.

3.
Ràhmát bá a sọ̀rọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé Oyèbọ̀dé ni kò fọkàn tán, kó pe bíríkìlà mìíràn. Rùfáì ní irú kan náà ni gbogbo wọn, pé òun fúnra òun lòun máa gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí ilé bá dá. Ó ra àgádágodo ńlá, ó ti yàrá náà pa, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn ṣòkòtò.

Ló bá kọjú sí ohun tí ojú ń rí. Ó kun ọ̀dà, ó gbé géètì tuntun, ó ní kí wọ́n fi táìlì sí pálọ̀ kó máa dán. Nítorí kó má di pé oníṣẹ́ jí nǹkan, ibo lẹ rò pé ó kó àádọ́ta páálí táìlì àti gbogbo àpò símẹ́ńtì sí? Yàrá ẹ̀yìn náà ni! Ilẹ̀ tí wọ́n ní ó ṣófo ló di ẹrù lé.

4.
Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, páálí táìlì kan ṣoṣo ni wọ́n tún nílò kí pálọ̀ tó parí. Oníṣẹ́ ní òun á lọ gbé e, Rùfáì kọ̀. Ó tú kọ́kọ́rọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó ní kó lọ gbé e.

Ràhmát ò tíì fọwọ́ kan páálí tí ilẹ̀ fi ya. Ṣáláńgá àtijọ́ ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Àwọn tó kọ́ yàrá náà kún ilé ló fi pákó bò ó, tí wọ́n da símẹ́ńtì lé e. Pákó ti jẹrà. Táìlì, símẹ́ńtì àti Ràhmát ló jọ wọlẹ̀ lọ.

Gbogbo àdúgbò sáré dé. Oyèbọ̀dé tó ń ṣiṣẹ́ lójúlé kejì náà sáré dé. Ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fa obìnrin náà jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dá síbi méjì. Bí Oyèbọ̀dé ṣe gòkè, Rùfáì di apá rẹ̀ mú.

"Kí lo rí níbẹ̀?"

Oyèbọ̀dé wò ó. "Ìyàwó yín ni mo rí, Bàbá."

Ràhmát wà lórí ẹní nítòsí. Ó gbọ́ ọ.

5.
Nígbà tó kúrò nílé ìwòsàn, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mamu ló gbà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Rùfáì lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó dá a lóhùn, ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é.

"Bàbá Qowiyyu, nígbà tí mo wà nísàlẹ̀, orúkọ yín ni mò ń pè. Nígbà tí wọ́n fà mí jáde, ẹ ò pe tèmi."

Dòní, Rùfáì nìkan ló ń gbé ilé oníyàrá mẹ́jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò gba yàrá níbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ ẹ bá ra ilé àtijọ́, ohun tó lè pa yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe: ilẹ̀, ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé. Ohun tí àlejò máa yìn kò níí sá lọ. Bí oníṣẹ́ bá sì sọ ohun tẹ́ ò fẹ́ gbọ́, ẹ pe ẹlòmíràn wá wò ó. Ẹ má ti ilẹ̀kùn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.