Òrùlé Yàrá Bàbá

Rilwan kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ tán kí ó tó tún un ṣe. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, á ti kó ewé àti ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà, á ti fi ọwọ́ tẹ ara ògiri wò bóyá ó ti ń rọ̀, á sì ti gun òrùlé lọ wo àwọn ìṣó. Bàbá rẹ̀, Àáfà Sàlíhù, tí ó kọ́ ilé náà sí Muṣin, ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. "Ihò tí ìṣó lè wọ̀ ni kí o dí," ni bàbá náà máa ń sọ fún un ní kékeré. "Má dúró de èyí tí ológbò lè gbà kọjá."

Nítorí náà, ó yà á lẹ́nu nígbà tí bàbá rẹ̀ jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó ní òrùlé jò sí òun lórí ibùsùn. Lóòótọ́ ni fóòmù tutù. Bàbá ti fọ aṣọ orí fóòmù náà fúnra rẹ̀, ó ti sá a, ó sì ti fọ ẹní ìkírun rẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùkúrátù, ìyàwó Rilwan, ní kí Bàbá fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Bàbá dáhùn pé ènìyàn kì í kírun lórí ẹní tí kò mọ́.

"Ṣebí omi òjò mọ́, Bàbá," ni Ṣùkúrátù sọ. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa ní ilé kéwú."

Bàbá wúkọ́, ó sì béèrè ẹ̀kọ rẹ̀.

Rilwan gun òrùlé, kò rí nǹkan kan. Síbẹ̀ ó fi ọ̀dà kun orí gbogbo ìṣó. Kò pẹ́ tí ó tún jò. Ṣùkúrátù kò gbọ́ òjò ní ìdájí ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ ilé ti tán lókun kì í gbọ́ òjò. Wọ́n gbé ibùsùn lọ sí igun kejì yàrá. Ibẹ̀ náà jò. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jó tùràrí, ó ní igi òrùlé ti ń jẹrà, ó ń rùn. Omi inú kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ náà ń tètè tán, Ṣùkúrátù sì ń bu òmíràn sí i.

Ọ̀rọ̀ náà jáde síta. Bàbá kò lọ kí Jímọ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn ará mọ́ṣáláṣí wá wò ó, ó ní òjò ni kò jẹ́ kí òun sùn. Láti ìgbà náà, ó nira fún Rilwan láti jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń tún fíríìjì ṣe. Télọ̀ tí ó wà ní òdìkejì títì ní kí ó pẹ̀lẹ́ o, pé ó ti tún fíríìjì gbogbo àdúgbò ṣe kí ó má jò, ó wá ku bàbá rẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Rilwan náà rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ orí ba.

Ó pe Kọ́ládé, káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń gbé iṣẹ́ òrùlé fún. Kọ́ládé tú sílìn yàrá Bàbá sílẹ̀. Eruku àti òwú aláǹtakùn ni ó bá lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí àmì omi. Síbẹ̀, ó yọ páànù àtijọ́, ó kan tuntun. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Bàbá ní ó tún jò.

Àǹtí Mujeebah, ẹ̀gbọ́n Rilwan, gbọ́ ọ ní Èbúté Mẹ́ta, ó sì wá. Ó wo fóòmù tí wọ́n sá sí ìta, ó wo àbúrò rẹ̀.

"Ilé tí Bàbá fọwọ́ ara wọn kọ́. Ìwọ àti ìyàwó ẹ ń sùn síbi tó gbẹ, Bàbá ń sùn nínú òjò. Ojú ò tì ẹ́, Rilwan?"

Ojú tì í. Mujeebah ní òun ń mú Bàbá lọ sílé ọkọ òun. Bàbá ní òun kò lè lọ sùn nílé àna òun. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀.

Kọ́ládé náà kò fẹ́ kí orúkọ òun bàjẹ́. Ó wá bá wọn nínú ọgbà.

"Lọ́jọ́ Àìkú, màá gbé họ́ọ̀sì omi gun òrùlé. Kí gbogbo yín wọ yàrá Àáfà, kẹ́ ẹ gbójú sókè. Tí kò bá jò, ẹ̀yin lẹ máa sọ ibi tómi yẹn ti ń wá fún mi."

Mujeebah gbà. Ó ní bí wọ́n bá rí ojú ihò náà tí wọ́n sì dí i lójú òun, kí Bàbá dúró. Bí wọn kò bá rí i, ọ̀dọ̀ òun ni Bàbá ń lọ. Bàbá ní kí wọ́n fi òrùlé sílẹ̀, pé òun á fara dà á. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, omi ń dún lórí páànù. Bàbá jókòó sórí ibùsùn, ó dorí kodò. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fà á. Fún ìgbà díẹ̀, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà omi kán sí orúnkún rẹ̀, ó tún kán. Bàbá gbójú sókè, ó sì wo páànù náà pẹ́, bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí.

"Ẹ ò rí i?" ni Mujeebah sọ.

Kọ́ládé pẹ́ lókè kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó wo Rilwan. Rilwan ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ni," ni Kọ́ládé sọ níkẹyìn. "Ihò ìṣó kan ni mo gbàgbé. Ẹ má bínú."

Wọ́n dí ihò náà lójú Mujeebah, ó sì padà sílé. Rilwan gbé ọ̀rá tó nípọn wọ yàrá, ó tẹ́ ẹ sórí fóòmù, ó na aṣọ lé e. Ó ní kò sí òrùlé tí ó ṣeé fọkàn tán, pé kí ọ̀rá náà máa wà níbẹ̀ nítorí òjò. Bàbá kò wo ojú rẹ̀. Ó kàn ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Ìṣó tí Rilwan fi lu ihò náà sí páànù wà nínú àpò rẹ̀ láti ọ̀sán Sátidé, nígbà tí oòrùn ń ràn, tí ó gba ẹnu fèrèsé rí bàbá rẹ̀ tí ń fi kẹ́tù àlùwàlá rọra da omi sórí ibi tí ó tọ̀ sí lórí ibùsùn.