Ìpè Kẹta Lẹ́nu Ọ̀nà Kóòtù

Ọdún kẹfà nìyí tí ẹjọ́ ọ̀gá ṣọ́jà tó pa ará abúlé wa nígbà ogun ti ń falẹ̀. Ọmọ mi Oyèkànmí, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, kú lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Síbẹ̀, nírọ̀lẹ́ àná, akọ̀wé kóòtù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ rẹ̀.

"Mo ti sin ín," ni mo wí.

"Òfin ni, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ó pè é ká tó tú ọ̀gá sílẹ̀."

Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì.

"Pè é sókè dáadáa," ni ọ̀gá ṣọ́jà wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìpè kẹta, a gbọ́ ìró ọ̀pá tó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ fún ọmọ mi nígbà tí ìbọn wọn gé e lẹ́sẹ̀.

Akọ̀wé wo ìta, ó sì yà kúrò lọ́nà.