Owó Oúnjẹ Ọ̀sán Kíákíá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé ẹ ń kánjú. Ìkánjú náà ló ba ti ẹni tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́.

1.
Kíákíá ni gbogbo èèyàn ń pè é. Télọ̀ ni ìyá rẹ̀, abẹ́rẹ́ ló mọ̀, kò mọ̀wé. Nítorí ìyá yìí ló ṣe ṣe áàpù kan: ẹ ó kàn sọ̀rọ̀ sí fóònù, owó á lọ síbi tí ẹ rán an. Ohùn yín ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹni tó gba owó náà sì lè tẹ̀ ẹ́ gbọ́.

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá á fi owó oúnjẹ ọ̀sán ránṣẹ́ sí ọmọ tó ti lówó jù ú lọ fíìfíì. "Ẹ̀rọ, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ bá mi fún ọmọ mi. Ẹ ní kó jẹun."

Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni Kíákíá gbọ́. Àwọn tó kù, á rí owó, á rẹ́rìn-ín. "Màá gbọ́ ọ tó bá yá."

2.
Ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ owó rán àgbà obìnrin kan sí i. Ìyá Onífáìlì ni wọ́n ń pè é.

"Mú ẹ̀dà gbogbo ohùn wá sọ́dọ̀ wa, ká yẹ̀ ẹ́ wò ká tó fún ẹ ní ìwé àṣẹ. Bí olè bá sín ohùn oníbàárà jẹ ńkọ́?"

"Ìgbà wo lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò tán, mà?"

"Oṣù mẹ́fà."

"Háà! Ẹ̀yin ṣì ń fẹsẹ̀ rìn, àwa ti wọkọ̀."

"Òótọ́ ni, ọmọ mi. Àwọn tó kọ òfin wa kò mọ̀ pé ohùn lè di kọ́kọ́rọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́."

Kíákíá ṣílẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ. Kíákíá kò mú ẹ̀dà kankan lọ bá wọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń lọ láìsí ìwé àṣẹ.

3.
Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló mú ìyá lọ. Ohùn mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló kù tí ọmọ kò tíì gbọ́. Á gbé ìka lé e, á tún gbé e kúrò. Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an, ó sì ń bẹ̀rù ohùn náà. "Kí ọkàn mi balẹ̀ ná."

4.
Olè sín ohùn jẹ lóòótọ́. Owó àwọn oníbàárà lọ. Ìyá Onífáìlì ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Jìnnìjìnnì bo Kíákíá, ó pe ẹnjiníà rẹ̀.

"Pa àwọn ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́ kí wọ́n tó dé!"

"Gbogbo ẹ̀, ọ̀gá?"

"Ṣé o di adití ni? Gbogbo ẹ̀!"

Wọ́n ṣáà ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Kíákíá ṣí fóònù láti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Déètì mọ́kàndínlọ́gọ́ta wà níbẹ̀, kò sí ohùn kankan. Inú ẹ̀rọ tó ní kí wọ́n nù ni ti ìyá rẹ̀ náà wà.

Ó sáré lọ bá Ìyá Onífáìlì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀dà àwọn ohùn yẹn..."

"Ọmọ mi, ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó o mú wá náà nìyẹn."

Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. "Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí ìyá mi sọ fún mi."

Títí dòní, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á gbé fóònù sẹ́nu: "Ẹ̀rọ, ẹ káàárọ̀ o." Ohùn tirẹ̀ nìkan ló máa ń gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe nǹkan tuntun, ẹni tó ní kí ẹ dúró kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ òfin, ẹ tètè o, oṣù mẹ́fà ti pọ̀ jù. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá sì fi ohùn ránṣẹ́ sí, kó gbọ́ ọ lónìí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.