Ojúọlápé Lẹ́nu Ìsọ̀ Nang Ising

Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé òkè òkun ni ẹ ó gbé. Ní ìlú Sẹ́bù, lórílẹ̀-èdè Filipíìnì níbi tí òkun ti yí ilẹ̀ po, obìnrin ará Ìdànrè kan wà tó ń jẹ́ Ojúọlápé. Ó láàánú, ó mọ́ra, ṣùgbọ́n ìgbéraga rẹ̀ kò kéré. Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, fẹ́ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí yóò máa fi rajà kó tó padà sójú omi. Ojúọlápé ní èdè tí kò lè gbé òun dé Ìdànrè kò wúlò fún òun, pé ìka òun gùn tó láti fi nàka sí ohun tó bá wu òun. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ lọ, ó ku òun àti ìka rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Ayọ̀, wà ní Ìdànrè lọ́dọ̀ ìyá Ojúọlápé. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa nígbà tó fi í sílẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an. Bó bá se oúnjẹ tán, á bu ti ọmọ sọ́tọ̀ kó tó rántí pé kò sí ọmọ nílé.

Ìsọ̀ kékeré kan wà nísàlẹ̀ ilé rẹ̀, ti ìyá arúgbó kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Nang Ising. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ojúọlápé débẹ̀, ó fi àwòrán ọmọ rẹ̀ han ìyá náà, ó sì dárúkọ rẹ̀, "Ayọ̀." Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Ojúọlápé ti ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń ké lẹ́nu ìsọ̀ náà pé, "Ayo! Ayo!" Á sáré dé ojú fèrèsé, kò ní rí ọmọ kankan. Ó gbà pé wọ́n ń fi orúkọ ọmọ òun ṣẹ̀fẹ̀ ni. Inú bí i, kò rajà níbẹ̀ mọ́. Ilé ìtajà ńlá tó jìnnà, níbi téèyàn kì í ti í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ló ń lọ. Ibẹ̀ náà ló ti ń ra káàdì ìpè; bó bá sì tán lórí fóònù rẹ̀, á pẹ́ kó tó ra òmíràn, ìpè tó ń pe ilé wá ń dínkù.

Ọjọ́ tí Ayọ̀ máa kọ́kọ́ lọ sílé ìwé pé. Ọ̀sán tiwọn ni àárọ̀ tiwa, Ojúọlápé sì ti pinnu pé òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ọmọ náà kó tó jáde. Ṣùgbọ́n ìjì jà, omi bo títì, káàdì sì ti tán. Ìsọ̀ Nang Ising nìkan ló ṣí, ìyá náà sì wà lẹ́yìnkùlé. Ojúọlápé wúkọ́, ó kan pákó, kò sẹ́ni tó yọjú. Òjò ń pa á. Ó ro ti ọmọ rẹ̀ tó ń wọ bàtà lọ́wọ́ nílé, ó bú sẹ́kún, ó sì ké láìmọ̀:

"Ayọ̀! Ayọ̀ mi o!"

Kíá ni Nang Ising jáde, ó ń nu ọwọ́, ó sì fi èdè rẹ̀ bi í jẹ́jẹ́ pé kí ló fẹ́. Kó tó dáhùn, ọkùnrin kan dé sẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn, òun náà ké "Ayo!", ìyá náà sì dá a lóhùn. Ìgbà náà ló yé Ojúọlápé: ohun tí àwa ń pè ní àgò, òun làwọn ń pè ní ayo. Kò sẹ́ni tó fi ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ rí. Ojú tì í.

Ìyá náà bá a fi káàdì sórí fóònù, ìpè sì wọlé. Wọ́n gbé e fún ọmọ.

"Ayọ̀ mi, èmi nìyí."

Ọmọ náà kò dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀. Ó wá kí i bí wọ́n ṣe ń kí àlejò:

"Ẹ káàárọ̀ mà."

Ó sì dá fóònù padà fún ìyá àgbà.

Láti ọjọ́ náà ni Ojúọlápé ti ń kọ́ èdè lẹ́nu ìsọ̀ yẹn: *pila ni*, èló lèyí, *palihog*, ẹ jọ̀ọ́, *salamat*, ẹ ṣeun. Kò sì jẹ́ kí káàdì tán lórí fóònù mọ́. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí Ayọ̀ tó tún pè é ní màámi.

Ẹ̀yin ọmọ, ìlú tí ẹ bá dé, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kágò níbẹ̀. Ìgbéraga tó di èèyàn lẹ́nu lè gba ohun tó fẹ́ràn jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá ṣípá nìyá rẹ̀ ń gbé.