Tówẹ̀lì Gbígbóná

Olùtọ́jú ẹṣin fún tówẹ̀lì tó ti rẹ sínú omi gbígbóná, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn ẹṣin funfun náà, ó sì ń fi àtàǹpàkò wọ́ iṣan ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹṣin mí kanlẹ̀, ó dijú. Lóṣù tó kọjá, ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn yìí, ẹṣin yóò ta á nípàá ni.

"Ó ti ń sàn, Bàbá," ló sọ fún Bàbá Fálúyì tó ni ẹṣin. "Ṣùgbọ́n kò tíì tó gùn. Ẹ rántí ìlérí yín o, pé ẹ ò ní gùn ún títí yóò fi sàn tán."

"Mo rántí, ọmọ mi. Di orí rẹ̀ mú, kí n fi aṣọ yìí bò ó, kí ooru má baà lọ."

Ó di orí ẹṣin mú, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí i létí. Lójijì, gbogbo ara ẹṣin le. Gàárì ni bàbá wé sínú aṣọ, ó sì ti fa okùn rẹ̀ le lábẹ́ ikùn.

"Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ ṣèlérí náà nìyí?"

"Òní ni mo ń joyè ní Ìgèdè. Ṣé ẹsẹ̀ ni kí n fi rìn níṣojú ọ̀tá? Ìwọ nìkan ni ẹṣin yìí máa ń dúró jẹ́ẹ́ fún."

Ẹṣin ò tapá. Ó kàn yí orí padà. Kò tilẹ̀ wo bàbá; ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì gbóná ló tẹjú mọ́.