Olùkọ́ Tó Ní Kí Ẹni Tó Dojú Bolẹ̀ Máa Wo Òun

Ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná. Bó bá sì bí ẹnì kan nínú, kí ó bínú. Mi ò ní pa á rẹ́.

1.

Àdúgbò Agric ní Ìkòròdú ni Moyọ̀sọ́rẹ ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní Pílátéèsì. Kì í ṣe Pílátù inú Bíbélì o. Eré ìdárayá ni, orí ẹní ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì máa ń fún ikùn àti ẹ̀yìn lágbára. Moyọ̀sọ́rẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ká mọ nǹkan ṣe ọ̀tọ̀, ká mọ̀ ọ́n kọ́ èèyàn ọ̀tọ̀.

Bó bá ti gbé fóònù sórí igi tó fi ń ya fídíò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Fóònù ni yóò kọjú sí, yóò máa ṣe tirẹ̀, yóò sì máa pariwo pé, "Ẹ gbé e. Ẹ fà á wọlé. Ẹ wò mí." Kí ni kí wọ́n gbé? Apá ni àbí ẹsẹ̀? Kí ni kí wọ́n fà wọlé? Ìgbà wo ni kí wọ́n mí? Kò sọ.

Àǹtí Fọlákẹ́, tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, wá kí i lọ́jọ́ kan, ó sì jókòó sẹ́yìn wo kíláàsì náà. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ó pè é.

"Moyọ̀, ẹni tó dojú bolẹ̀ ò lè rí ẹ. Ohùn ẹ nìkan ló ní. Sọ ohun tó máa gbé fún un, sọ ibi tó máa gbé e dé, sọ ibi tí ojú ẹ̀ máa wà."

"Àǹtí, ọmọdé kọ́ ni wọ́n. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odidi."

Ó pa òwe fún ọ̀gá rẹ̀, kò tilẹ̀ ní "tótó, ó ṣe bí òwe." Fọlákẹ́ gbé báàgì rẹ̀, ó padà sí Ẹ̀pẹ́.

2.

Nínú àwọn tó ń wá ni Àlàájà Mọ̀nsúrát wà, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìwó tó háyà ilé sí Lásùnwọ̀n ní Ìkòròdú. Ẹ̀yìn ń dùn ún, orí àga ló sì ti ń kírun. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kó tún lè fi iwájú orí kan ilẹ̀ fún Ọlọ́run rẹ̀.

"Àárò ilẹ̀ ń sọ iwájú orí mi," ló máa ń wí.

Ó sì ti ń bọ́ sí i. Ó ti ń kúnlẹ̀, ó ti ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé nígbà Iléyá tó ń bọ̀, ilẹ̀ ni òun máa ti kírun. Moyọ̀sọ́rẹ mọ̀ nípa ẹ̀.

3.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, gbogbo wọn dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Eré tó kàn ni èyí tí wọ́n ti ń gbé àyà àti ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ pọ̀. Ẹní ni ojú gbọ́dọ̀ máa wò, kí ọrùn má bàa fara gbá. Moyọ̀sọ́rẹ mọ èyí náà, ṣùgbọ́n fídíò ló gbà á lọ́kàn.

"Ẹ gbé e," ó ní.

"Kí ni ká gbé, Kóòṣì?" Àlàájà béèrè láti ilẹ̀.

"Ẹ wò mí, mà. Bí mo ṣe ń ṣe é ni kí ẹ ṣe é."

Ìyá náà gbé àyà, ó gbé ẹsẹ̀, ó wá yí ọrùn kó lè rí olùkọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu ni. Nǹkan ta pó lọ́rùn rẹ̀. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbé mọ́.

Moyọ̀sọ́rẹ kọ́kọ́ lọ pa fóònù kó tó sáré sí i.

4.

Dókítà ní eegun ọrùn ti yẹ̀, ó ti tẹ iṣan. Ó fi kọ́là líle dè é lọ́rùn, ó ní kí Àlàájà gbàgbé ìforíkanlẹ̀. Ìyá náà sunkún lọ́jọ́ yẹn. Àwọn aládùúgbò ní kó fìjà fún Ọlọ́run jà.

"Mo ti fi í lé E lọ́wọ́," ó ní. "Ẹnu mi ńkọ́? Ṣé òun náà ti rọ ni?"

Moyọ̀sọ́rẹ ní tirẹ̀ ti ń sọ káàkiri títí dé Ìtámágà pé Àlàájà ò gbọ́ràn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà délé, ìyá gbéra. Ó wọ kíláàsì lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú kọ́là lọ́rùn, ó lọ dúró síwájú, níbi tí olùkọ́ máa ń dúró sí.

"Dùbúlẹ̀, ọmọ mi. Dojú bolẹ̀."

Moyọ̀sọ́rẹ rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ fi han gbogbo wọn pé òun mọṣẹ́. Ó dùbúlẹ̀.

"Gbé e," Àlàájà wí, ó sì ń fi ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣe nǹkan lókè.

"Kí lẹ ní kí n gbé, mà?"

"Wò mí."

Moyọ̀sọ́rẹ gbé àyà, ó yí ọrùn. Ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti sọ òótọ́ fún un. Ọrùn fẹ́ há, ó yára sọ orí kalẹ̀.

"Ṣé o ò gbọ́ràn ni?" Àlàájà bi í.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ká ẹní wọn. Moyọ̀sọ́rẹ dìde, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ máa lọ. Àwọn tó ń wò mí lórí fóònù pọ̀ jù yín lọ."

Wọ́n lọ lóòótọ́. Fọlákẹ́ ló ń wá láti Ẹ̀pẹ́ kọ́ wọn báyìí. Ìrẹsì ni oníṣòwò kan ń kó sínú yàrá Agric tí kíláàsì wà tẹ́lẹ̀, Moyọ̀sọ́rẹ sì ń ya fídíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, òun nìkan. Iléyá dé, ó kọjá. Orí àga ni Àlàájà ti kírun rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ yòówù, mo ń kìlọ̀ fún yín, mi ò bẹ̀ yín. Ẹ dárúkọ ohun tí wọ́n máa gbé, kí ẹ sì sọ ibi tí wọ́n máa gbé e dé. Ẹ̀yin tí wọ́n ń kọ́, bí kò bá yé yín, ẹ má gbé nǹkan kan. Ẹ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ tún béèrè, bí olùkọ́ fẹ́, kó bínú. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n eegun ọrùn kì í ṣe ọmọlúàbí. Odidi ọ̀rọ̀ ni kí ẹ sọ fún un.

Ó yá, ẹ fi ránṣẹ́ wàyí. Ẹ fi èyí kún un fún gbogbo ẹni tó ń tọ́jú fóònù tó gbàgbé ẹni tó wà nílẹ̀: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.